Ilé Etí Òkun Ọjọ́ Sátidé

Ọdún kan gbáko ni mo ti lò nílé ọkọ ní Iba kí n tó ṣàkíyèsí pé n kò mọ òórùn ara ọkọ mi. Mo mọ ohùn rẹ̀. Mo mọ bí ó ṣe máa ń fi ìka ha irùngbọ̀n bí ọ̀rọ̀ bá ń tì í lójú. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n fi aṣọ dì mí lójú, kí wọ́n ní kí n fi imú wá ọkọ mi láàárín ọkùnrin mẹ́wàá, ẹlòmíràn ni ǹ bá dì mú.

Ọjà Àlàbá la ti pàdé. Èmi ń ta rìmóòtù àti wáyà lórí tábìlì kékeré kan, òun sì ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí mi. Zakariyah ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti tún ọ̀kan ṣe tán, fídíò kan náà ló máa fi ń dán an wò: òkun tó mọ́ bí ojú ọ̀run, ilé funfun létí rẹ̀, àga méjì níta, kò sì sí ẹni tó jókòó sórí àga náà. Nígbà mìíràn tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà á máa fi òkun yẹn hàn pa pọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo gbé rìmóòtù oníbàárà kan lọ dán wò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò ní fídíò mìíràn ni? Òkun yìí ti fẹ́ gbé ọjà lọ."

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ máa gbé," ó ní.

"Ẹ̀yin àti ta ni? Àga méjì ni mo rí."

Ó wá wo ojú mi. "Ẹni tó ka àga ni yóò jókòó síbẹ̀."

Mo gba rìmóòtù mi, mo sì sá padà sídìí tábìlì. Ìgbà tí oníbàárà ń pariwo lé mi lórí ni mo tó mọ̀ pé rìmóòtù ẹlòmíràn ni mo gbé bọ̀.

A bá ara wa rìn fún ọdún kan. Ó ń pè mí ní Àríkẹ́, oríkì mi, dípò Mùsítúrà tí gbogbo ọjà ń pè mí. Lẹ́yìn náà ẹnì kan bá a wá ààyè ilé ìwé ní Sáípírọ́ọ̀sì, erékùṣù kan tó wà láàárín òkun níwájú ilẹ̀ Tọ́kì. A ti fẹ́ so yìgì kí ó tó lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọkọ̀ òfuurufú dé láìròtẹ́lẹ̀. Ó lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Maimunat, ló wá ń ṣe alárinà wa.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá sílé wa ní Okokomaiko. Ìgbà àkọ́kọ́, bàbá mi fún un lómi mu, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà kejì, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó ní òun ń lọ kírun. Ìgbà kẹta ló tó dá a lóhùn. Garéèjì ni bàbá mi Owólabí ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́n.

"Maimunat, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń pe èrò sínú ọkọ̀. Mo mọ ojú ẹni tó ń lọ tí yóò padà, mo sì mọ ojú ẹni tó ń lọ pátápátá."

"Alhaji, ọmọ gidi ni àbúrò mi o."

"Ọmọ gidi náà dà? Ẹ ní kó wá jókòó kí n rí i."

"Ẹ máa rí i lórí fóònù, sà."

"Ìgbà tí ọmọ mi bá ń rọbí, ṣé fóònù ni yóò gbé e lọ sí ọsibítù?"

Èmi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń gbọ́. Ìyá mi ti kú, n kò sì ní ẹni tí yóò bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo jáde, mo kúnlẹ̀.

"Baámi, òun ni mo fẹ́."

Bàbá mi ní, "Ọdún mẹ́ta. Bí ọdún mẹ́ta bá pé tí mi ò fi ojú ara mi rí ọkùnrin yìí, màá lọ bá àlùfáà tó bá so yìgì yìí pé kó tú u. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Àbúrò ọkọ mi, Sherif, ló jókòó dípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ yìgì. Ayàwòrán kò mọ̀. Ó pariwo pé, "Ọkọ ìyàwó, ẹ gbé ọwọ́ lé èjìká ìyàwó yín ná! Kí ló dé tí ẹ ń gbọ̀n?" Sherif fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ ta. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni o!" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Zakariyah ń wò wá lórí fóònù tí Àǹtí Maimunat gbé sókè. Bí àlùfáà ṣe bẹ̀rẹ̀ àdúà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, àwòrán rẹ̀ sì dúró gbọnin, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ìyàwó ọkùnrin tó lanu tí kò lè sọ̀rọ̀.

Wọ́n mú mi lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Iba, wọ́n fi mí sínú yàrá tó ń lò tẹ́lẹ̀. Mo ṣí àpótí rẹ̀, mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan sí imú. Káńfọ̀ nìkan ló ń run.

Àárọ̀ Sátidé ló máa ń pè mí, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó dé ọ̀hún tó pè pé, "Àríkẹ́, wo ibí." Ó gbé fóònù káàkiri. Mo rí ilé ìdáná tó ń dán, ìkòkò, abọ́ mẹ́fà, ibùsùn funfun tí a tẹ́ nigín-nigín. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, òkun sì wà níta gbalaja, ó mọ́ bí èyí tí a máa ń wò ní Àlàbá.

"Ilé wa nìyí," ó ní.

Mo bú sẹ́kún. Mo sáré pe ìyá rẹ̀. Ìyá wò ó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì pe aládùúgbò. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé Zakariyah ti ní ilé létí òkun.

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ la ti ń gbé ìgbéyàwó wa, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Á ní, "Níbo ni kí n gbé ìkòkò ńlá sí?" Màá ní, "Apá ọ̀tún, kí ọwọ́ mi lè tètè tó o." Á gbé e síbẹ̀ lójú mi. Bí ó bá di Sátidé kejì, ìkòkò á ti padà sí apá òsì.

"Ta ló gbé ìkòkò mi?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ tó wá kí mi ni."

"Sọ fún wọn pé ìyàwó rẹ ń bọ̀ o. Kí wọ́n fi ọwọ́ kúrò lára ìkòkò mi."

Á rẹ́rìn-ín, á sì fi ìka ha irùngbọ̀n.

Yàtọ̀ sí ìpè, ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ìyá àgbà ló tọ́ mi ní Ìsẹ́yìn, wọn kò sì fi mí sílé ìwé. Nọ́ńbà nìkan ni mo mọ̀. Àǹtí Maimunat ló ń bá mi ka ọ̀rọ̀ ọkọ mi.

"Ó ní òun lá àlá rẹ. Ó ní… háà! Eléyìí ò ṣe é kà lójú ọ̀sán."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á."

"Mi ò kà á. Àbúrò mi ti ya wèrè."

Bí mo bá fẹ́ dá a lóhùn, màá sọ̀rọ̀ gígùn, ìka Àǹtí Maimunat á sì tẹ díẹ̀. Mo rò pé bí ìwé kíkọ ṣe rí nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ máa ń sún kì bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé Ìyá kò dára fún ẹni tí kò ní ọkọ nítòsí. Bí mo bá ti Àlàbá dé, tí mo bá se oúnjẹ tán, kò sí ẹni tí mo máa bá jà, kò sí ẹni tí mo máa bẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ìyáàfin Adéṣọlá, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ìhà Navy Town, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwa obìnrin níwèé lẹ́yìn ìrun Alásàrí ní ìrọ̀lẹ́, mo fi orúkọ sílẹ̀. A kọ́kọ́ ka Yorùbá, lẹ́yìn náà a ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. N kò sọ fún Zakariyah. Mo fẹ́ kí ó ṣàdédé rí ìwé tí ọwọ́ mi kọ.

Nígbà tó ku oṣù méjì kí ọdún mẹ́ta bàbá mi pé, Zakariyah gbé fóònù ti nǹkan kan lórí tábìlì nígbà tó ń pè mí, kí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ ibùsùn. Pépà kan wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí òdòdó ara ògiri ló ṣe rí lójú mi. Lọ́jọ́ náà ni pépà náà la ẹnu. Èdè Tọ́kì ló wà lókè, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nísàlẹ̀. Mo ń fi ètè kà á díẹ̀díẹ̀. Ó ń kí àwọn àlejò káàbọ̀. Ó ní kí wọ́n fọ abọ́ tí wọ́n bá fi jẹun. Ó ní ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n jáde ní aago mẹ́wàá, nítorí àlejò mìíràn ń bọ̀ ní aago mẹ́rin.

"Àríkẹ́, o dákẹ́."

"Kò sí nǹkan."

Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń ká etí aṣọ ibùsùn sábẹ́ tìmùtìmù kíákíá, bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbé e mì. Mo ń ta rìmóòtù, mo ń fún ènìyàn ní ṣéńjì tí kò pé. Ṣé obìnrin mìíràn ló ni ilé náà ni? Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń bá mi sọ látẹ̀yìnwá, irọ́ ni? Bàbá mi ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo la ojú tí n kò ríran. Nígbà tí Sátidé dé, n kò kí i.

"Zakariyah, níbo lo máa ń sùn?"

"Ibi tí mo máa ń sùn náà ni. Abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí. Kí ló dé?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tí mo ti mọ̀ tipẹ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

"Ilé yìí ńkọ́?"

"Ilé àwọn tó wá gbafẹ́ ni. Wọ́n ń yá a lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á se oúnjẹ ara wọn, wọ́n á wẹ̀ nínú òkun, wọ́n á lọ. Èmi ni mo ń tún un ṣe. Àríkẹ́, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ó ti fẹ́ pé ọdún méjì."

"O kọ ọ́?"

"Ẹnu mi ò gbà á, ni mo ṣe kọ ọ́. O sì dá mi lóhùn. O ní nítorí Ìyá, kí á máa pè é ní ilé wa lọ. Mo tún bi ọ́ lórí fóònù bóyá o rí ìwé mi, o ní o rí i."

Òótọ́ ni. Mo ti sọ pé mo rí i. Ìwé tí Àǹtí Maimunat kà fún mi lọ́sẹ̀ náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé òtútù ti bẹ̀rẹ̀, pé ó ń kí gbogbo ilé.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Àlejò ti dé kí àkókò wọn tó tó. Ó pa fóònù.

Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń fi àtàǹpàkò fa ọ̀rọ̀ inú fóònù mi sókè, oṣù lẹ́yìn oṣù, títí mo fi dé oṣù kọkànlá ọdún tó sọ. Ó wà níbẹ̀. Inú fóònù mi ló ti wà látọjọ́ náà, mo ń gbé e lọ Àlàbá, mo ń gbé e bọ̀.

"Àríkẹ́ mi, irọ́ ni mo pa fún ọ. Mi ò ní ilé. Ilé ìwé ti yọ orúkọ mi kúrò, iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ni mo ń ṣe. Ọ̀gá mi sọ pé nínú oṣù kìíní, bí òtútù bá mú tí àlejò ò sí, òun á yá mi ní ilé náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti gbà á. Mo fẹ́ kí o wá, kí á jọ se oúnjẹ níbẹ̀, kí n sọ gbogbo rẹ̀ lójú rẹ. Bí o bá sì ní kí n máa bọ̀ nílé, màá bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ohun tí o bá wí ni màá ṣe."

Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni èsì tó jáde ní orúkọ mi: "Mo ti gbọ́. Mi ò ní lè rí físà gbà. Má tíì wálé, ojú á ti Ìyá. Nítorí Ìyá, jẹ́ kí á máa pè é ní ilé wa. Mò ń dúró dè ọ́."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nìkan ló jẹ́ tèmi.

Àǹtí Maimunat ń ta aṣọ òkìrìkà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ ọmọdé. N kò kí i. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sì ka ìwé náà sókè láti orí dé ìsàlẹ̀. Kí n tó kà á dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

"Ta ló kọ́ ọ níwèé?" ó ní.

"Ẹ dá mi lóhùn, Àǹtí."

"Bí mo bá kà á fún ọ nígbà yẹn, ṣé wàá dúró?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé o rí i? Mùsítúrà, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Ìyá jà. Ìyá sì ti sọ ti ilé yẹn fún gbogbo ayé. Mo ní kí n bò ó fún oṣù díẹ̀, kí àbúrò mi fi rí nǹkan ṣe. Ìwọ náà ò sì mọ̀ ọ́n kà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n kà, Àǹtí. Ṣùgbọ́n mo létí."

Ó fi aṣọ tó ń ká bo ojú.

"Ó lo ọ̀sẹ̀ náà."

"Ọ̀sẹ̀ wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tó yá ilé náà. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó kọ̀wé sí ọ pé ọjọ́ méje ni òjò fi rọ̀, pé òun ń se ìrẹsì ẹni méjì lójoojúmọ́ nítorí òun ò mọ bí òun ṣe máa se ti ẹnì kan nínú ilé yẹn. Mo kà á. Èmi ni mo pa á rẹ́."

N kò bú u. Mo kàn ń fi ojú inú wo ọkọ mi nídìí tábìlì ilé náà, abọ́ kejì níwájú rẹ̀, tó rò pé mo mọ̀, tó rò pé èmi ni mo ní kí òun má wálé.

Ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ni mo fi kọ ìwé mi. Kò gùn.

"Zakariyah, èmi gan-an ni mo ń kọ èyí. Wọn ò ka ìwé ìjọ́sí fún mi. Èmi kọ́ ni mo ní kí o má wálé. Máa bọ̀."

Àmì tó fi hàn pé ó ti kà á yọ. Kò dáhùn. Sátidé dé, kò pè. Sátidé kejì dé, kò pè. Aago mọ́kànlá á lù, màá jókòó ti fóònù bí ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tí a ti pa. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ọdún mẹ́ta pé. Bàbá mi dé lówùúrọ̀, ó wọ agbádá, ó jókòó sínú pálọ̀ Ìyá. Ìyá gbé omi fún un.

"Ìyá Zakariyah, mi ò bá yín jà," bàbá mi ní. "Ẹ tọ́jú ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àdéhùn la jọ ṣe. Ọ̀dọ̀ àlùfáà ni mò ń lọ."

"Alhaji, ẹ ṣe sùúrù. Ọkùnrin tó ti kọ́lé sétí òkun…"

Fóònù mi dún. Gbogbo wa wò ó.

"Ṣé òun ni?" bàbá mi béèrè.

"Òun ni. Ó kọ̀wé."

"Ẹ jẹ́ kí n pe Maimunat kó wá kà á," Ìyá ní.

"Rárá, Ìyá. Èmi ni màá kà á."

Mo kọ́kọ́ fi ojú kà á dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wo Ìyá, bí ó ṣe na ọrùn, tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ó ń dúró de ìròyìn ilé rẹ̀. Ó rọrùn. Mo lè fo ìlà méjì péré, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí ojú Àǹtí Maimunat rí. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá, mo di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, mo sì kà á láì fo ọ̀rọ̀ kan.

"Àríkẹ́, inú ló bí mi, lẹ́yìn náà ẹkún ló kù. Mo ń ka ìwé rẹ lójoojúmọ́. Mi ò ní ilé níbí. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo ń sùn. Gbogbo ohun tí mo ní kò kún àpò kan. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé mò ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Sọ fún Ìyá pé kí wọ́n má bínú. Sọ fún bàbá rẹ pé bí wọ́n bá ti tú yìgì náà, màá ṣì wá. Màá wá fi ẹsẹ̀ ara mi tọrọ rẹ."

Ọwọ́ Ìyá tutù nínú ọwọ́ mi. Ẹnu rẹ̀ ń mì, n kò sì mọ̀ bóyá èébú ló ń bọ̀ tàbí igbe.

"Ṣé ó ń jẹun?" ó ní.

"Kò kọ ìyẹn síbẹ̀, Ìyá."

"Bi í."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ń wo àtàǹpàkò mi bí ó ṣe ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe léjìká.

"Mi ò tíì rí i o. Ọ̀rọ̀ mi ò yí padà." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò wẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àlùfáà rìnrìn àjò. Kò ní í dé bọ̀rọ̀."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ohùn àlùfáà yẹn kan náà ń jáde láti inú gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí tó wà ní ìkọjá ilé wa, ó ń ṣe wáàsí.

Bàbá mi lọ. Ìyá sún mọ́ mi lórí àga.

"Ó ti dáhùn?"

"Kò tíì dáhùn, Ìyá."

A jọ jókòó, a ń wo fóònù náà.